Ìbọ̀sẹ̀ Tó Gba Títiro Lẹ́sẹ̀ Bàbá Fèrè

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ìbọ̀sẹ̀ ló bí i. Ẹnikẹ́ni ò jí ìbọ̀sẹ̀ gbé o, ẹnikẹ́ni ò sì yá a kó má dá a padà. Ẹ̀bùn ni. Obìnrin kan jókòó, ó hun ìbọ̀sẹ̀ fún bàbá ọkọ rẹ̀. Bàbá wọ ìbọ̀sẹ̀, ó bá a lẹ́sẹ̀ mu rẹ́gí, ó dìde lórí ìjókòó, ó sì lọ pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹ bá mi wo nǹkan. Bí ayé bá dé ibi tí ènìyàn á ti máa wá ẹlẹ́rìí kó tó fúnni lẹ́bùn, ibo la ó gbà?

Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pe obìnrin náà. Ilé ìfọṣọ tó wà ní kọ́nà òpópó wọn ló ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ oníbàárà ló ń lọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kò sì sí ọ̀tá tó ní láyé tó ju ihò lára aṣọ lọ. Ó ti wà lórí bẹ́ǹṣì olùjẹ́jọ́ kí wọ́n tó ṣí fèrèsé ààfin, kò sì mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, nítorí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ ìhun rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹjọ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni pé láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ́ sílẹ̀, Bàbá ò pè é ní "ìyàwó mi" mọ́. Nídìí oúnjẹ pàápàá, ohun tó ń sọ ni, "Olùjẹ́jọ́, bá mi na ọwọ́ sí iyọ̀ yẹn." Ìyàwó fẹ́ràn bàbá náà dénú, ọ̀rọ̀ yìí sì ti lé oorun kúrò lójú rẹ̀.

Bàbá tí à ń sọ, Bàbá Fèrè ni. Ọkọ̀ rélùwéè ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, títí di òní kò sì lè yà ní kọ́nà, ìbáà ṣe láti yàrá sí ilé ìdáná, kó má súfèé kí ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì lè yà fún un. Olóyè jókòó síwájú, àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Tíṣà Àgbà, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ṣùgbọ́n tí kò fẹ̀yìn tì nínú ìbéèrè, àti Oníbàtà, tó máa ń wo ẹsẹ̀ ènìyàn kó tó wo ojú rẹ̀.

"Bàbá Fèrè," Olóyè ní, "ẹ rojọ́ yín. Kí ni ìyàwó ilé yín fi ṣe yín?"

"Olóyè, kí ẹ pẹ́ fún wa. Títiro mi ló gbà."

"Kí ló gbà?"

"Títiro. Bí mo ṣe máa ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ́ mi. Ó hun ìbọ̀sẹ̀ fún mi, mo wọ̀ ọ́, títiro bá lọ. Mo fẹ́ kó dá a padà."

Tíṣà Àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ etí ni ìṣòro wà.

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹ ò tiro mọ́?"

"Mi ò tiro mọ́ rárá."

"Ẹ sì wá fẹjọ́ sùn?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wo ìkà."

Olóyè ní kó rìn kí àwọn rí i. Bàbá Fèrè rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ fèrèsé, ó sì rìn padà. Gbì, gbì, gbì, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Ẹnì kan lẹ́yìn pàtẹ́wọ́ fún un. Olóyè wo onítọ̀hún títí ọwọ́ rẹ̀ fi rọ.

"Ṣé ẹ rí i," Bàbá Fèrè ní. "Ṣé ẹ rí ohun tó sọ mí dà. Ìyẹn nìkan sì kọ́. Ìbọ̀sẹ̀ tí ìyá wọn hun fún mi kó tó kú, èyí tó hun kẹ́yìn láyé, obìnrin yìí tú u. Ó tú u láti ẹnu dé orí ìka, ó ká a bí bọ́ọ̀lù, ó sì fi hun tiẹ̀."

Kí ènìyàn hun ìbọ̀sẹ̀ ni ọ̀kan, kó tú ti olóògbé fi hun ún ni èkejì. Ìyàwó rí i bí ojú àwọn èrò ṣe yí padà sí òun.

"Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà," Olóyè ní. "Ìyàwó, o gbọ́. Ṣé o tú ìbọ̀sẹ̀ ìyá ọkọ rẹ àbí o ò tú u?"

"Mi ò tú u, sà."

"O ò tú u?"

"Mi ò tú u. Mo kó Ìyá wa kúrò nínú ilé tó ń jò ni."

Oníbàtà wú ikọ́. Tíṣà Àgbà tún bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣàlàyé ara rẹ," Olóyè ní.

"Sà, ihò ló pọ̀ ju òwú lọ nínú ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Tí Bàbá bá wọ̀ ọ́, ìka tó wà níta ju ìka tó wà nínú lọ. Tí mo bá ń fọ̀ ọ́, omi á gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde, kò ní rí nǹkan kan fọ̀. Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé bàbá ọkọ mi ló ń wọ irú ẹ̀? Mo wá wò ó pé òwú díẹ̀ ṣì lágbára nínú ẹ̀. Mo kó gbogbo ẹ̀ jáde, mi ò sọ ẹyọ kan nù. Mo fi òwú tuntun kún un. Ti Ìyá wa ni mo fi ṣe gìgísẹ̀ àti orí ìka, nítorí ibẹ̀ ni Bàbá máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Ilé tuntun ni mo kọ́ fún Ìyá wa, sà. Wọn ò kí mi kú iṣẹ́, wọ́n gbé mi wá síbí."

"Ṣé o bèèrè lọ́wọ́ bàbá ọkọ rẹ kí o tó kọ́lé?"

"Ẹ̀bùn ni, sà. Ta ló ń bèèrè kó tó fúnni lẹ́bùn?"

"Irú àrà wo lo hun sí i?"

Ìyàwó gbé orí sókè díẹ̀, nítorí ibi tí ọkàn rẹ̀ wà nìyẹn. "Ewé ni mo kọ́kọ́ fẹ́ hun sí i. Mo wò ó pé bàbá àgbàlagbà kò ní fẹ́ gbé ewé kiri lẹ́sẹ̀. Mo ní kí n hun igun mẹ́rin mẹ́rin, ó dà bíi táìlì ilé ìwẹ̀. Ni mo bá rántí iṣẹ́ wọn. Mo hun ìlà méjì méjì láti ẹnu ìbọ̀sẹ̀ lọ sísàlẹ̀, bí ojú irin tí ọkọ̀ wọn máa ń gbà. Mo hun ún, mo tú u, mo tún un hun, torí pé ojú irin kan tẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ìka, mi ò so ó. Mo fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀ lójú sí ojú. Ẹ fi ọwọ́ kàn án, sà. Kò sí kókó níbẹ̀."

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn," Bàbá Fèrè ní láti ìjókòó rẹ̀. "Kò sí kókó."

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ní lọ́kàn, Olóyè sì ní kó dákẹ́, kì í ṣe òun ló kàn.

Wọ́n pe Ìyá Olówùú, ẹni tó ń ta òwú lójú òpópó. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ òwú rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ń wá oníbàárà láàárín èrò.

"Ọ̀dọ̀ yín ni Ìyàwó ti ra òwú?"

"Ọ̀dọ̀ mi ni, Olóyè. Ojú mi rí màbo lọ́jọ́ yẹn. Ó mú òwú kan, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní ó ń ta òun. Ó mú òmíràn, ó ní èyí rọ̀ ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ já. Mo ní kó mú èyí tí wọ́n lọ́ náílọ́ọ̀nù mọ́ irun àgùntàn, ó rọ̀, ó sì lágbára. Ó gbà. Mo ní ó ti parí. Ó ní àwọ̀ wo ló yẹ àgbàlagbà tí kì í bínú? Mo ní àwọ̀ eérú. Ó ní àwọ̀ eérú ti rí bí ẹni tí inú rẹ̀ ò dùn. Ilẹ̀ ti ń ṣú ká tó fẹnu kò sórí aró."

"Ìyẹn ni pé tọkàntọkàn ló fi ṣe é."

"Tọkàntọkàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò lè hun ún bí ìyá ọkọ ẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ìbọ̀sẹ̀ hun tó olóògbé yẹn nínú ìlú yìí, ní gbogbo ọ̀nà."

Ìyàwó wolẹ̀. Òun ló tú ìbọ̀sẹ̀ yẹn, ó mọ ohun tó rí lórí ìka rẹ̀. Kókó kan wà níbẹ̀ tó le bí ẹ̀wà tí kò tíì rí omi, eyín ló fi tú u. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dìde láàárín àwùjọ kó máa ka àléébù ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti kú? Ó panu mọ́.

Tíṣà Àgbà ò panu mọ́ ní tirẹ̀. "Ẹ ní gbogbo ọ̀nà. Ẹnu ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Kì í rọ̀ wálẹ̀ láé."

"Gìgísẹ̀?"

"Ó máa ń yà kọ́nà bí ọkọ̀ tí ọ̀gá awakọ̀ ń wà."

"Orí ìka?"

Ìyá Olówùú wo òkè àjà. "Orí ìka kẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ènìyàn kì í mọ gbogbo nǹkan tán, Tíṣà."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà ni."

"Gbogbo ọ̀nà tó wà kéèyàn tó dé orí ìka ni mo ní lọ́kàn." Ó tún apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tò, kò sì sídìí fún un láti tò ó. "Kò ní sùúrù ni. Tó bá ti kù díẹ̀ kó parí, ojú á ti máa kán an láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Á kó gbogbo òwú tó kù lórí abẹ́rẹ́ jọ, á so ó ní kókó, á fà á kí, ó parí. Mo bá a sọ ọ́. Ó ní ta ló ń yọjú wo inú bàtà?"

Wọ́n ní kó lọ jókòó. Oníbúrẹ́dì ló kàn, ẹni tó háyà ìsàlẹ̀ ilé wọn. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Kí lo mọ̀ nípa títiro yìí?"

"Aago mi ni, Olóyè. Láràárọ̀ ni Bàbá máa ń dìde lórí ibùsùn, wọ́n á rìn lọ sídìí fèrèsé: gbì-kẹ́, gbì-kẹ́, gbì-kẹ́. Tí mo bá ti gbọ́ kẹ́ tó kẹ́yìn, mo yọ búrẹ́dì. Kò fìgbà kan jóná rí."

"Lẹ́yìn ìbọ̀sẹ̀ tuntun ńkọ́?"

"Mo gbọ́ gbì, gbì, gbì. Mo ní yéè, olè ti wọlé Bàbá. Mo mú igi tí mo fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun, mo sáré gòkè, mo di Bàbá mú lọ́rùn aṣọ."

"O ò rí ojú wọn ni?"

"Mo rí i. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Mo ní, ìwọ olè yìí, o tún gbé ojú Bàbá wọ̀."

"Búrẹ́dì ńkọ́?"

"Kí ẹ má bèèrè, sà. Èédú."

Tíṣà Àgbà nà síwájú. "Ṣé ìwọ kọ́ lo wá sí ààfin yìí lọ́jọ́ kan, tí o ní títiro Bàbá Fèrè kì í jẹ́ kí o sùn?"

"Èmi ni."

"Òní lo wá ní aago rẹ ni. Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?"

"Ẹ gba méjèèjì, Tíṣà. Kì í jẹ́ kí n sùn, mo sì fẹ́ kó padà."

Ẹlẹ́rìí tó kẹ́yìn ni ọmọ Bàbá Fèrè, ìyẹn ọkọ Ìyàwó. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe, Oníná ni wọ́n ń pè é. Ó dúró láàárín bàbá àti aya, ó ń wo àwọn méjèèjì bí wáyà tí kò tíì mọ èyí tí iná wà nínú rẹ̀.

"Ta lo wá jẹ́rìí fún?"

"Bàbá mi ni, sà."

Ìyàwó wò ó.

"Àti ìyàwó mi."

Bàbá Fèrè wò ó.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bèèrè nǹkan mìíràn."

"Kí ló fa títiro bàbá rẹ?"

Ojú Oníná wálẹ̀, nítorí èyí ò le. "Irin ni, sà. Irin rélùwéè ló já lé wọn lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo wa la mọ ìtàn ẹ̀."

"Irin náà tóbi?"

Oníná na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbòòrò. Ó wo bàbá rẹ̀, ó sì dín in kù díẹ̀. "Ó tó báyìí."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Màámi ni."

"Ta ló sọ fún màámi rẹ?"

"Bàbá ni."

"Irin tó tóbi tó báyìí já lé ènìyàn lẹ́sẹ̀," Tíṣà Àgbà ní, "ìbọ̀sẹ̀ sì wá wò ó sàn."

Bàbá Fèrè súfèé kékeré kan, bẹ́ẹ̀ kò sí kọ́nà kankan níwájú rẹ̀.

"Ẹ gbé àpótí kan wá," Olóyè ní. "Bàbá Fèrè, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín lé e."

"Olóyè, ẹsẹ̀ mi kọ́ ni olùjẹ́jọ́."

"Ẹlẹ́rìí ni. Ẹ gbé e wá."

Bàbá bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Oníbàtà sọ̀ kalẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó yí ẹsẹ̀ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó pẹ́ nídìí rẹ̀.

"Kò sí àpá níbí o. Irin ò kan ẹsẹ̀ yìí rí. Abẹ́ àtàǹpàkò nìkan ni awọ ti yi, ojú kan sì jìn wọnú díẹ̀ níbẹ̀, àfi bí ibi tí ẹ̀wà kan ti sùn sí fún ọ̀pọ̀ ọdún."

Nígbà tí Ìyàwó gbọ́ ẹ̀wà, ó dìde. Kò rántí pé wọn ò tíì ní kó sọ̀rọ̀.

"Bàbá," ó ní, "kókó Ìyá wa ni."

Bàbá Fèrè gbé ojú sókè wò ó, ó sì pẹ́ tó ti wò ó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó jókòó sórí àpótí náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán nílẹ̀.

"Olóyè, irin kankan ò já lé mi lẹ́sẹ̀. A ò tíì pẹ́ tí a fẹ́ra wa nígbà tí ìyá wọn hun ìbọ̀sẹ̀ fún mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó jókòó síwájú mi, ó ní kí n wọ̀ ọ́, kí n rìn, kí òun rí i. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, kókó yẹn gún mi dé ọpọlọ. Mo wo ojú ẹ̀. Ẹ ò rí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ó dára gan-an. Ó ní kí ló wá dé tí mo fi ń tiro. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Mo ní irin já lé mi lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́."

"Ó sì gbà yín gbọ́?"

"Ó gbà mí gbọ́. Àánú mi ṣe é. Nígbà tó máa hun èyí tó tẹ̀ lé e, ó fi òwú kún orí ìka ọ̀tún, kó lè rọ ibi tí irin gbé já lé. Ni kókó bá tóbi sí i."

Ẹ̀rín bú sọ nínú ààfin. Ìyá Olówùú gbá itan rẹ̀. Bàbá Fèrè fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

"Bí mo ṣe ń tiro tó ni àánú mi ń ṣe é tó. Bí àánú mi ṣe ń ṣe é tó ni kókó ń tóbi tó. A bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún la máa ń bá a lọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò sì lè sọ fún un?"

"Tí mo bá sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, irọ́ ọjọ́ kìíní á tú. Tí mo bá sọ ọ́ lọ́dún kejì, irọ́ ọdún kan gbáko ni. Ìgbà tó yá, mo ti di ẹni tí irin já lé." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Nígbà tó wá kú, mò ń rìn nínú ilé, kókó yẹn ń gún mi, mo sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ní gbogbo ìṣísẹ̀. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn, màá ní, ìyá wọn, o tún ti dé o. Ọjọ́ tí mo wọ ti ìyàwó yìí, mo tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó rọ̀. Ó dára ju ti ìyá wọn lọ, ìyẹn tún dùn mí. Àárò ẹ̀ wá sọ mí bí ẹni pé ọjọ́ yẹn gan-an ló kú."

Omijé ti bọ́ lójú Ìyàwó, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Mi ò mọ̀ rárá."

"Báwo lo ṣe máa mọ̀, ìyàwó mi? Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ibi tó yẹ kí ẹjọ́ parí sí nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìgbìmọ̀. Tíṣà Àgbà ní ìbéèrè òfin kan ṣì wà nílẹ̀: ṣé òwú ni Ìyá, àbí kókó? Bó bá jẹ́ òwú ni, olóògbé ṣì wà lẹ́sẹ̀ Bàbá, ẹjọ́ ti tú ká. Bó bá jẹ́ kókó ni, wọ́n ti lé olóògbé jáde nílé. Oníbàtà ní òwú ni, bí ènìyàn bá pa àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà dà, bàtà kan náà ni. Tíṣà ní kókó ni, nítorí gbogbo ènìyàn ló lè ra òwú. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí Olóyè fi ní kí wọ́n dán an wò.

Oníbàtà ju bọ́tìnnì kan sínú ìbọ̀sẹ̀. Bàbá wọ̀ ọ́, ó rìn, ó tiro dáadáa.

"Ó ń dùn mí," ó ní, "ṣùgbọ́n kò mọ̀ mí."

Ìyá Olówùú so òwú ní kókó, ó tì í sábẹ́ àtàǹpàkò Bàbá. Bàbá mi orí. Ó ní ẹni tó so èyí ní sùúrù. Wọ́n dá abẹ́rẹ́ Ìyàwó padà fún un, ó jókòó sílẹ̀, ó gbìyànjú láti hun ìhunkúhun. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Gbogbo kókó tó so ló dọ́gba, Bàbá sì ní ó mọ́ jù. Oníbúrẹ́dì ní kí wọ́n fi èèpá búrẹ́dì tó jóná sí i. Wọ́n lé e jókòó.

Olóyè gbá tábìlì. Ó dìde, gbogbo ààfin sì dìde pẹ̀lú rẹ̀.

"Ilé ẹjọ́ yìí ti gbọ́. Ìyàwó, o jẹ̀bi. A kì í kó aya kúrò nílé láìsọ fún ọkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ilé náà ń jò. Bàbá Fèrè, ẹ̀yin náà jẹ̀bi, tiyín ló sì burú jù. Ẹ jẹ́ kí obìnrin kan fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣàánú irin tí kò já. Ká ní ẹ sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ẹ̀ bá jọ rẹ́rìn-ín, ì bá sì tú orí ìka kan ṣoṣo."

"Òótọ́ ni, Olóyè."

"Nítorí náà, ẹ máa kọ́ ìbọ̀sẹ̀ híhun."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin. Ẹ máa hun ìbọ̀sẹ̀ kan fún ìyàwó ọmọ yín, ẹ̀bùn ni. Ẹ̀yin lẹ máa yan òwú, ẹ̀yin lẹ máa yan àrà, ẹ̀yin lẹ máa ya kọ́nà gìgísẹ̀. Ìyàwó ló máa kọ́ yín, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá fi kan abẹ́rẹ́ yín, àtìmọ́lé ni. Títí ẹ ó fi parí ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ojú irin yẹn lẹ ó máa wọ̀, ẹ ó sì máa rìn tààrà láàárín ìgboro lójú gbogbo ènìyàn."

"Ẹ ṣàánú mi. Ẹ́ńjìnnì nìkan lọwọ́ mi mọ̀. Ohun tí mo bá hun, kókó ló máa jẹ́ láti ẹnu dé ìka."

"Ìyẹn kan Ìyàwó." Olóyè yíjú sí i. "Ọjọ́ tó bá parí ẹ̀, wàá wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ ẹ. Bó bá gún ọ, wàá sọ fún un níṣojú gbogbo ilé, kó tú u, kó tún un hun. Bó bá gún ọ tí o dákẹ́, tí mo gbọ́ pé wọ́n rí ọ tí ò ń tiro lójú òpópó, tí o ní áyọ́ọ̀nù ló já lé ọ lẹ́sẹ̀, màá ti ẹ̀yin méjèèjì mọ́ yàrá kan ṣoṣo. Gbogbo ẹsẹ̀ tó wà nínú ìlú yìí lẹ máa hun ìbọ̀sẹ̀ fún kí ẹ tó jáde."

"Títiro mi ńkọ́, Olóyè?" Bàbá Fèrè bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Títiro kọ́ lẹ fẹ́. Títí di àárọ̀ yìí, àtàǹpàkò yín nìkan ló mọ obìnrin yẹn bó ṣe jẹ́ gan-an. Ní báyìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ máa sọ ọ́ lẹ́nu, Bàbá. Ẹnu kì í so kókó." Ó kúrò nídìí àga. "Oníbúrẹ́dì, lọ wá aago."

Ẹjọ́ tú ká. Kí Olóyè tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, Ìyá Olówùú ti gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Fèrè. Bàbá ní kí Ìyàwó bọ́ bàtà, kó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọn ẹsẹ̀ náà, ó ń ṣọ́ra bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ó wá ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀, ó yẹ èyí wò, ó fi tọ̀hún pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, títí ó fi fa òwú kan yọ tó pọ́n bí ìyeyè. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, inú rẹ̀ dùn.

"Èyí lẹ́wà. Àbí kí lo rí?"

Ìyàwó wo òwú náà. "Ó dára, Bàbá" ti wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí ohun tí ìyàwó rere máa ń sọ nìyẹn, bàbá náà sì ti jìyà tó fún ọjọ́ kan. Lẹ́nu ọ̀nà, Olóyè dúró, kò wẹ̀yìn, ó kàn dúró ni.

"Bàbá," Ìyàwó ní, "mi ò fẹ́ràn àwọ̀ yẹn. Tí mo bá wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ mi á dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ."

Bàbá Fèrè wo òwú, ó wo ẹsẹ̀ tó wà lórí àpótí, ó tún wo òwú. Ẹ̀rín gbé e dé ibi tó ti ní láti fi ọwọ́ di àpótí mú.

"Ó mà rọrùn báyìí," ó ní.

Ó dá a padà sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì ń wá òmíràn.